Ẹrù Ìmòòkùn Nínú Bàálù: Kí Ni Ká Gbé, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí bí a ṣe lè gbé ohun èlò ìmòòkùn wọ bàálù láìsan owó àlékún ẹrù. A kó èyí tó jọra pọ̀ sójú kan. Kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa: sílíńdà ni ìgò irin tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, régúlétọ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi ń mí in, jákẹ́ẹ̀tì ni èyí tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé wa léfòó, bàtà onílẹbẹ ni ti ẹsẹ̀ tí a fi ń tu omi, òjé sì ni ohun wíwúwo tí a ń so mọ́ra kó lè fà wá wọ ìsàlẹ̀ omi.

Òǹkàwé kan ní London béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ mòòkùn ní Hurghada, ní Ẹ́gíptì, fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọkànlá. Kílò 23 ni tíkẹ́ẹ̀tì mi gbà fún ẹrù abẹ́ bàálù, àti 7 fún báàgì ọwọ́. Mo gbé ohun èlò mi sórí ìwọ̀n, ó di 27 láìtíì fi ṣòkòtò kan sí i: báàgì líle onítáyà 5.2, jákẹ́ẹ̀tì 4.6, òjé 4, aṣọ rọ́bà milimítà 7 tó jẹ́ 3.4, régúlétọ̀ 3.3, bàtà onílẹbẹ 3.1, tọ́ọ̀ṣì méjì 1.5, bàtà rọ́bà 1.1, awò ojú méjì 0.8. Ṣé kí n ra jákẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ tí wọ́n ń tà fún arìnrìn-àjò ni?

Ìdáhùn: Ẹ tọ́jú owó yín ná. Jákẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń dà yín láàmú.

Òjé ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Kílò òjé kan ní London kò yàtọ̀ sí kílò òjé kan ní Hurghada, ilé ìmòòkùn tí ẹ ń lọ yóò sì fún yín ní tiwọn pẹ̀lú sílíńdà. Ọ̀pọ̀ wọn ti ka méjèèjì mọ́ owó tí ẹ san. Báàgì ló tẹ̀ lé e. Kílò 5.2 fún ohun tí ẹ kò ní gbé wọ omi! Báàgì kánfáàsì tí kò ní táyà, tó gba nǹkan bí lítà 90, kì í sábà ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti di ẹrù Èkó rí mọ èyí dáadáa: báàgì líle a ti jẹ ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n tí wọ́n fún wa kí a tó ki ohunkóhun sí i.

Aṣọ milimítà 7 yín, ti adágún ilẹ̀ Britain ni. Omi Hurghada ní oṣù kọkànlá máa ń wà ní nǹkan bí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, milimítà 5 sì tó o, nǹkan bí kílò 2.4 ni. Oṣù kìíní àti ìkejì ni omi ibẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí 21 tàbí 22. Ẹni tí òtútù tètè ń mú kó fi fìlà rọ́bà kún milimítà 5 rẹ̀ nígbà náà dípò kó gbé milimítà 7.

Tọ́ọ̀ṣì ńlá méjèèjì ń sinmi nílé, àfi bí ẹ bá fẹ́ mòòkùn lóru tàbí wọ inú ọkọ̀ tó rì, irú Thistlegorm tó ti wà nísàlẹ̀ Òkun Pupa láti 1941. Ẹyọ kékeré kan tó jẹ́ gíráàmù 300 tó fún wíwo abẹ́ àpáta. Òun, régúlétọ̀ àti awò ojú kan (gíráàmù 400) ni ẹ máa kó sínú báàgì ọwọ́: kílò 4 géérégé nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ìmòòkùn, èyí tó ń sọ bí a ṣe jìn tó àti bí a ṣe pẹ́ tó nínú omi, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ bí aago.

Ẹ wá ṣírò ohun tó kù fún abẹ́ bàálù: báàgì 1.4, jákẹ́ẹ̀tì 4.6, bàtà onílẹbẹ 3.1, aṣọ 2.4, bàtà rọ́bà 1.1. Kílò 12.6 ni. Ó ṣẹ́ ku 10.4 fún aṣọ yín, láìra jákẹ́ẹ̀tì tuntun rárá. Jákẹ́ẹ̀tì arìnrìn-àjò tó jẹ́ kílò 2 sí 2.5 dára lóòótọ́, bàtà onílẹbẹ kúkúrú tó jẹ́ kílò kan ààbọ̀ náà sì wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí ti àtijọ́ bá gbó ni kí ẹ rà wọ́n.

Ìdí tí régúlétọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín: bí báàgì abẹ́ bàálù bá sọnù, ẹ lè rí jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà onílẹbẹ yá. Régúlétọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, tí ẹ ti mọ bó ṣe ń mí, kò ní arọ́pò tó rọrùn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni awò tí wọ́n fi gíláàsì ojú yín sí. Ẹ dé ojú ibi tó ń wọ sílíńdà, kí ẹ sì ká hóòsì rẹ̀ ní òbírí tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Bí ẹ bá ṣẹ́ hóòsì níbi tó ti wọ irin, rọ́bà rẹ̀ á máa sán díẹ̀díẹ̀ láti inú, ojú kò sì ní tètè rí i. Ẹ fi í sókè pátápátá nínú báàgì, nítorí àwọn tó ń yẹ ẹrù wò yóò fẹ́ rí i: irin àti hóòsì tó lọ́ mọ́ra máa ń ṣàjèjì lójú ẹ̀rọ wọn.

Nínú báàgì ńlá, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì jáde, ẹ tẹ́ ẹ sísàlẹ̀, kí ẹ to bàtà onílẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ògiri. Bàtà rọ́bà ń wọ inú ihò ẹsẹ̀ wọn, ìbọ̀sẹ̀ ń wọ inú bàtà rọ́bà. Aṣọ rọ́bà, ẹ ká a bí ẹní. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ẹ má sì fi í sínú ọ̀rá tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde: àwọn ìhó afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú rọ́bà yẹn ló ń mú wa móoru, bí wọ́n bá sì ti fọ́ pẹlẹbẹ, ojú ibẹ̀ á máa tutù.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí òjé. Iye tí ẹ ń lò nínú adágún kọ́ ni ẹ máa lò níbẹ̀. Òkun Pupa níyọ̀ ju ọ̀pọ̀ òkun lọ, ó sì máa ń ti èèyàn sókè: ẹni tí òun àti ẹrù rẹ̀ jẹ́ kílò 100 yóò fi nǹkan bíi kílò 3 kún òjé tó ń lò nínú omi aláìníyọ̀. Bí ó bá jẹ́ sílíńdà irin lẹ mọ̀ nílé, ẹ rántí pé alumíníọ́mù ni tibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, òun sì máa ń fúyẹ́ léfòó bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti ń tán. Aṣọ yín tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò dín díẹ̀ kù nínú àfikún yẹn. Ẹ dán an wò nígbà tí afẹ́fẹ́ sílíńdà bá kù sí bar 50, ìyẹn nígbà tó ti fẹ́ tán: bí ẹ bá dúró ṣinṣin láìtu ẹsẹ̀, tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú jákẹ́ẹ̀tì, tí ẹ mí sínú bó ṣe yẹ tí ẹ dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ojú omi gbọ́dọ̀ bá ojú yín dọ́gba.

Òǹkàwé kan ní Houston béèrè:

Régúlétọ̀ mi jẹ́ DIN, èyí tí a ń yí wọlé bí skúrù. Cozumel ní Mẹ́ksíkò ni mò ń lọ, wọ́n sì ní yoke, èyí tí a ń fi gbá ẹnu sílíńdà mú láti òde, ni sílíńdà ibẹ̀. Ṣé kí n wá régúlétọ̀ mìíràn ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó ní DIN ló rọrùn fún jù. Àdáptà kékeré kan wà tí ẹ máa yí sórí DIN yín, tó máa sọ ọ́ di yoke. Kò tó gíráàmù 300. Ẹni tó ní yoke ni wàhálà máa bá níbi tí ẹnu sílíńdà bá jẹ́ DIN tí kò ṣeé yí padà. Ní Ẹ́gíptì, ẹnu sílíńdà púpọ̀ ní ìdí irin kékeré tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà yọ tàbí dá padà, nítorí náà ẹ sọ ohun tí ẹ ní fún wọn kí wọ́n tó kó sílíńdà sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ohun méjì ló máa ń yí padà pẹ̀lú àdáptà. Àkọ́kọ́, ó máa ń ti régúlétọ̀ sẹ́yìn, ó sì lè máa gbá yín ní ìpàkọ́. Ẹ sọ sílíńdà kalẹ̀ díẹ̀ nínú bẹ́líìtì jákẹ́ẹ̀tì. Èkejì, ojú méjì ni afẹ́fẹ́ ti lè máa jò báyìí dípò ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ òrùka rọ́bà ló ń dí ojú kọ̀ọ̀kan. Nọ́ḿbà 112 ni òrùka orí DIN, 014 ni ti ẹnu sílíńdà yoke. Ẹ mú mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwọ̀n wọn kò tó ti owó ẹyọ, ṣùgbọ́n òrùka kan tó fọ́ lè dá èèyàn jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti wọ omi. Ẹ má sì fi agbára di àdáptà: ìka ọwọ́ lásán tó, agbára afẹ́fẹ́ ni yóò di ìyókù.

Bí ẹ ti ń dín ẹrù kù, ẹ má ṣe yọ bálúùnù gígùn aláwọ̀ ọsàn tí a ń fẹ́ sókè kí ọkọ̀ lè rí wa. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Omi Cozumel máa ń gbé èèyàn lọ, ibi tí ẹ ti wọlé kọ́ ni ẹ máa yọjú sí.

Òǹkàwé kan náà tún béèrè nípa ọ̀bẹ.

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílé. Òfin ọgbà omi Cozumel, ìyẹn agbègbè òkun tí wọ́n ń dáàbò bò, kò gba ọ̀bẹ, kò gba ìbọ̀wọ́. Bákan náà ló rí nínú àwọn ọgbà omi Òkun Pupa. Bí ẹ bá ń lọ síbi tí wọ́n ti gbà á, inú àkọ̀ rẹ̀ ni kó wà, nínú ẹrù abẹ́ bàálù, láéláé kò gbọ́dọ̀ wọ báàgì ọwọ́.

Òǹkàwé kan ní Èkó béèrè:

Wọ́n gba bátìrì tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn mi ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní ó léwu. Zanzibar ni mò ń lọ báyìí, mo sì fẹ́ gbé tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà. Kí ni òfin sọ gan-an?

Ìdáhùn: Bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ bàálù. Báàgì ọwọ́ nìkan ni àyè rẹ̀. Bó bá gbiná lókè níbi tí èrò wà, àwọn òṣìṣẹ́ á rí i, wọ́n á pa á. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó máa dé ibẹ̀.

Wh (watt-hour) ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sára bátìrì, ẹ fi V (volt) sọ Ah (ampere-hour) di púpọ̀. Bó bá jẹ́ mAh, ẹ kọ́kọ́ fi 1000 pín in. Bátìrì 18650 tó jẹ́ 3.6 V àti 3500 mAh jẹ́ 12.6 Wh. Èyí tí kò ju 100 Wh lọ kò nílò ìyọ̀ǹda. Láti 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù, àfikún méjì péré ni wọ́n sì gbà. Ohun tó bá ju 160 lọ kò wọ bàálù èrò. Ẹni tó ní tọ́ọ̀ṣì onígò, èyí tí bátìrì rẹ̀ wà nínú ìgò ọ̀tọ̀, tó sì jẹ́ 11.1 V àti 10 Ah, ti wọ 111 Wh nìyẹn. Kó kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú, kó sì tẹ èsì wọn sínú bébà dání.

Tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn tún ní òfin tirẹ̀ nítorí ooru. Omi ló ń mú un tutù. Bó bá ṣèèṣì tàn nínú báàgì, ó lè gbóná débi tí aṣọ á fi jó. Ẹ yọ bátìrì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàálù yín ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Kí bátìrì kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tirẹ̀, tàbí kí ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kó má bàa kan kọ́bọ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́. Àpótí kámẹ́rà ti abẹ́ omi, ẹ má dì í pa: afẹ́fẹ́ inú bàálù máa ń dín kù bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2400, àpótí tó bá dì pa á wá le láti ṣí. Ẹ yọ òrùka rọ́bà ńlá rẹ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀.

Òǹkàwé kan ní Manchester béèrè:

Kílò 21 ni mo gbé lọ, 25 ni mo gbé bọ̀, n kò sì ra nǹkan kan. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Omi ni. Lítà kan, kílò kan. Aṣọ rọ́bà tí kò gbẹ lè gbé kílò kan sí méjì, bàtà rọ́bà àti aṣọ ìnura á fi tiwọn kún un, lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ á sì fara pamọ́ sínú jákẹ́ẹ̀tì.

Àkókò àtigbẹ ti wà nílẹ̀, nítorí kò yẹ kí ẹ wọ bàálù kíákíá lẹ́yìn ìmòòkùn. Wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn ìmòòkùn kan ṣoṣo, 18 lẹ́yìn ọ̀pọ̀, bó bá sì jẹ́ èyí tó gba kí ẹ dúró lọ́nà kí ẹ tó gòkè, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tó dára jù fún gbogbo èèyàn ni wákàtí 24. Bí bàálù yín bá ń gbéra ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, kí ẹ ti jáde nínú omi ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ àná, kí fífọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì, ẹ bu omi tútù sí i láti ẹnu hóòsì rẹ̀ títí yóò fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ da orí rẹ̀ kodò kí omi jáde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá fẹ́ ẹ kó le, kí ẹ gbé e kọ́. Régúlétọ̀, ẹ nu ìdérí rẹ̀ gbẹ, ẹ dé e pinpin kó tó wọ omi, ẹ má sì tẹ bọ́tìnì iwájú rẹ̀ nínú omi, torí ibẹ̀ ni omi máa gbà wọ hóòsì lọ. Ẹ yí aṣọ rọ́bà síta, ẹ ká a lé igi ní ìbàdí, nínú ibòji. Oòrùn gan-an máa ń sọ rọ́bà di líle. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ẹ yí i padà sí ojú òde. Bàtà rọ́bà ló ń pẹ́ gbẹ jù, nítorí náà ẹ ki ìwé ìròyìn sínú wọn lálẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fi wọ́n síta títí di ìgbà tí ẹ bá ń pa síìpù báàgì.