Ọkọ̀ ogun fún orílẹ̀-èdè kékeré: má ti orí àgbá bẹ̀rẹ̀

Àbúrò mi, mo ti ka gbogbo nǹkan tó o kọ nípa ọkọ̀ ogun rẹ, mo sì tún un kà, torí inú mi dùn gidi pé ọmọ Yorùbá kan wà níbì kan tó ń jókòó ro irú nǹkan báyìí. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè mọ ohun tí à ń sọ: àbúrò yìí fọkàn ro orílẹ̀-èdè kékeré kan tó wà létí òkun, owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn, aládùúgbò wọn sì ní ọkọ̀ ogun jù wọ́n lọ, ó wá fẹ́ ya armoured cruiser kan fún wọn ní 1906, ìyẹn ọkọ̀ ogun tó lè sáré tó tún ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gba ọta. Tọ́ọ̀nù 6,500. Àgbá tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 10 mẹ́rin, ti ínṣì 6 méjìlá, irin ẹ̀gbẹ́ tó nípọn ní ínṣì 8, eré knot 24 (knot ni wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ òkun). Ó kó gbogbo ẹ̀ sínú Springsharp, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bóyá ọkọ̀ téèyàn yà lè dúró, Springsharp ní ara ọkọ̀ náà ò lè gbé e, ó fún un ní 0.61 níbi tó yẹ kó ti rí 1.00. Ohun tó wá ń béèrè ni pé èwo ni kóun dín kù díẹ̀ kó lè wọlé.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o dín ìkankan kù. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, kó o bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, kó o má sì kọ iye àgbá kankan sílẹ̀ títí wàá fi mọ ọkọ̀ tí tìẹ fẹ́ bá jà, èyí tó gbọ́dọ̀ sá fún, ibi tó ti máa gba èédú, àti dọ́ọ̀kì tó máa wọ̀. Nǹkan wọ̀nyí ló ń ya ọkọ̀ ogun orílẹ̀-èdè kékeré. Àgbá ló kẹ́yìn.

Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ẹrù ni o, kì í ṣe ọkọ̀ ogun, ṣùgbọ́n omi òkun ò mọ ìyàtọ̀. Yíya irú ọkọ̀ ogun àtijọ́ wọ̀nyí ló wá gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ mi báyìí, ó sì ti pẹ́, àwọn tí mo bá nídìí ẹ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, bó o bá gbé ọkọ̀ tí ò lè dúró síwájú wọn wọ́n á tú u palẹ̀ débi pé wàá mọ ìwúwo ìṣó kọ̀ọ̀kan tó wà lára ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ wọn àti ohun tí ojú mi rí nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ fún ẹ.

Eré ni ká kọ́kọ́ sọ torí òun ló ń jẹ ọkọ̀ run jù. Bó o bá fẹ́ kí ọkọ̀ yára sí i díẹ̀, agbára tó o máa wá kì í ṣe díẹ̀ rárá. Fi 21 sọ 21 di púpọ̀, tún fi 21 sọ èyí tó o rí di púpọ̀, wàá rí 9,261. Ṣe bákan náà fún 24, wàá rí 13,824. Ìyẹn ni pé nítorí knot mẹ́ta péré o ti fi bí ìdajì agbára ẹ́ńjìnnì kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀, bọ́ílà tó máa gbé e máa pọ̀ sí i, èédú máa pọ̀ sí i, àwọn tó ń kó èédú sí iná máa pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n máa sùn náà ńkọ́, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn sí i kí gbogbo ẹ̀ tó wọ̀, bó bá sì ti gùn, irin ẹ̀gbẹ́ náà á gùn. Mo ti wà nísàlẹ̀ nígbà tí kápútéènì bá ní ká fi knot kan kún un torí kó lè bá omi tó kún nẹ́nu èbúté, mo rí bí epo ṣe ń lọ, kò sí ohun tó ń fi bẹ́ẹ̀ ba owó jẹ́ lórí òkun. Wo Drake tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn ní nǹkan bí 1900: ó lé ní tọ́ọ̀nù 14,000, agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ 30,000 horsepower, knot 23 ni wọ́n sì kọ sí i. Ìjọba tó lówó jù láyé nígbà náà ló kàn án o. Ìwọ wá fẹ́ 24 nínú tọ́ọ̀nù 6,500.

Ibo gan-an lo fẹ́ sáré lọ? Eré ọ̀tá lo máa fi wọn eré tìẹ. Nígbà tí àwọn Gíríìkì bá Ọtomán jà ní Elli ní December 1912, ọ̀gágun Kountouriotis fi àwọn ọkọ̀ Gíríìkì yòókù tó ń rọra bọ̀ sílẹ̀, òun nìkan gbé Georgios Averof lọ síwájú, ó gba iwájú àwọn Ọtomán kọjá, wọ́n sì sá padà sínú Dardanelles, ọ̀nà omi tóóró tó wọ ilẹ̀ wọn. Averof ò lè sá knot 24. Kò nílò ẹ̀ náà, torí pé àwọn ọkọ̀ tó ń lé ti gbó, wọn ò yára. Bí ọkọ̀ aládùúgbò rẹ bá ń sá 18, 21 ti tó ẹ, kó o wá fi ìwúwo tó kù ṣe nǹkan míì.

Averof yìí náà ni ìdáhùn sí ohun tó o ń wá, bó o bá wò ó dáadáa. Ó tó tọ́ọ̀nù 10,000, ó ní àgbá ínṣì 9.2 mẹ́rin àti ti ínṣì 7.5 mẹ́jọ, irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ínṣì 8 níbi tó nípọn jù, eré ẹ̀ ò sì tó 24. Ọkọ̀ tó o kọ sílẹ̀ gan-an nìyẹn, òótọ́ ibẹ̀ ni pé tọ́ọ̀nù 10,000 ló gbà, kì í ṣe 6,500. Gíríìsì ò sì lè dá owó ẹ̀ san. Ilé-iṣẹ́ Orlando ní Livorno ti bẹ̀rẹ̀ sí kàn án fún Ítálì, Ítálì yọwọ́, Gíríìsì wá rà á, George Averoff tó fi òwò là ní Íjíbítì ló sì fi ogún sílẹ̀ tó gba ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sínú ti orílẹ̀-èdè tèmi, torí bí orílẹ̀-èdè kékeré ṣe ń rí ọkọ̀ ńlá nìyẹn, wọ́n ń ra èyí tó wà nílẹ̀ ni. Ajẹntínà ra Garibaldi mẹ́rin, irú armoured cruiser kan, lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, wọ́n ní kí wọ́n tún kàn méjì sí i nígbà tí àwọn àti Ṣílè ń fojú ogun wo ara wọn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1902, ọkọ̀ méjì yẹn wá di ohun títà. Jàpáànù rà á, ó sọ wọ́n ní Nisshin àti Kasuga, wọ́n sì bá àwọn Rọ́ṣíà jà ní Tsushima ní 1905. Tọ́ọ̀nù 7,000 àti díẹ̀ ni irú Garibaldi yẹn, irin ínṣì 6, eré 20. Èyí tí wọ́n fi àgbá ínṣì 10 sí lára wọn, kò ju méjì lọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn; ti Kasuga jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo níwájú, ti ínṣì 8 méjì wà lẹ́yìn. Àwọn tó mọṣẹ́ ló yà á o, wọn ò sì lè fi mẹ́rin sí i.

Àgbá ínṣì 10 gan-an, mi ò fẹ́ ẹ fún ẹ. Ọta ínṣì 6 wúwo tó 100 pounds, ọkùnrin tó lágbára lè gbé e dé ẹnu àgbá. Ti ínṣì 10 tó nǹkan bí 500 pounds, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ gbé e láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, ẹ̀rọ náà ní ìwúwo, ó ní àyè tó ń gbà, ó sì máa ń bàjẹ́. Ta ló máa tún un ṣe ní orílẹ̀-èdè rẹ? Bí ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ yẹn á dúró bẹ́ẹ̀ títí apá ara ẹ̀ á fi ti òkè òkun dé.

Ibi tó o kó àwọn ínṣì 6 sí náà ò dára. O to mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá omi. Mo mọ ìdí tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìwúwo bá wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kì í tètè yí. Ṣùgbọ́n ní Coronel lẹ́bàá Ṣílè, 1 November 1914, òkun ń ru gùdù, Good Hope àti Monmouth ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àgbá ínṣì 6 rẹpẹtẹ, àwọn tó wà nísàlẹ̀ lára wọn ò ṣeé lò torí omi ń ya wọ ojú ihò wọn, Scharnhorst àti Gneisenau ti àwọn Jámánì sì to àgbá ínṣì 8.2 tiwọn sókè níbi tí omi ò dé. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì rì, ẹnì kan ò yè nínú wọn, àwọn tó kú lé ní 1,500. Èmi tí mo ti dúró lórí ọkọ̀ tí ìgbì ń gùn, mi ò lè wo àgbá tó wà ní mítà díẹ̀ sókè omi kí n má bínú. Dín iye ẹ̀ kù, gbé e sókè. Àgbá mẹ́jọ tó ń yìn nínú ìgbì sàn ju méjìlá tí mẹ́fà inú ẹ̀ ń mu omi.

Èédú ńkọ́? O kọ tọ́ọ̀nù èédú sílẹ̀, o ò sọ ibi tó ti ń wá. Àwọn Sípéènì ní Garibaldi kan, Cristóbal Colón, tí wọ́n rán lọ sí Kúbà láìtíì gbé àgbá ńlá ẹ̀ sórí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sá jáde ní Santiago de Cuba ní 3 July 1898, òun ló sá jìnnà jù, àwọn Amẹ́ríkà ń lé e, ó fẹ́ẹ̀ bọ́, àfi ìgbà tí èédú tó dáa tán tó ku èyí tí ò dáa tí wọ́n gbà nílẹ̀ Kúbà. Eré ẹ̀ wálẹ̀, ọta Oregon, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ sí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e forí sọ etíkun. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí bí ẹni pé mo wà níbẹ̀, torí mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ nígbà tí iná ò bá jó mọ́ tí àwọn tó wà lókè ṣì ń kígbe pé ẹ fi kún un. Torí náà kọ ọ́ sínú ìtàn rẹ: èédú Cardiff, èyí tó dáa tó ń ti ilẹ̀ Wales wá, ni wọ́n ń rà ni, àbí wọ́n ní kùsà tiwọn?

Jọ̀ọ́, fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀. Bọ́ílà onípáìpù bíi Yarrow tàbí Belleville, tí omi ń gba inú páìpù rẹ̀ kọjá láàárín iná, wọ́n gbọ́dọ̀ lè fa páìpù inú ẹ̀ jáde láti pààrọ̀ ẹ̀, bí ògiri bá ti súnmọ́ ọn jù iṣẹ́ ọjọ́ kan á di ti ọ̀sẹ̀ kan, inú ooru yẹn sì lèèyàn ti máa ṣe é. Springsharp máa ń sọ fún ẹ bí àyè ẹ̀rọ àti àyè èèyàn bá há, má fojú fò ó. Má sì fi ògiri pín yàrá bọ́ílà sí ọ̀tún àti òsì. Bí omi bá wọ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ọkọ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, àgbá ò ní lè yìn mọ́, ó sì lè yí pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ọdún. 1906 ti pẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kàn Invincible, àgbá ínṣì 12 mẹ́jọ, eré 25, ó sì parí ní 1908. Ọkọ̀ rẹ á ti gbó kó tó kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń kàn án. Gbé e padà sí 1902.

Èbúté náà, wọn jíjìn ẹ̀ kó o tó ya ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ní Èkó tiwa, kí wọ́n tó kọ́ ògiri òkúta tó ń dá ìgbì dúró lẹ́nu òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, yanrìn tó dí ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, Forcados ni wọ́n ń já ẹrù sí kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá. Bí ti orílẹ̀-èdè rẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó rì wọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà 25 ò wúlò fún wọn.

Àpẹẹrẹ tó yẹ kó o gbé síwájú ara ẹ ni Fylgia ti Swídìn. Wọ́n gbé e sómi ní 1905, kò tó tọ́ọ̀nù 5,000, òun ni wọ́n máa ń pè ní armoured cruiser tó kéré jù láyé, àgbá 152 mm mẹ́jọ ní méjì-méjì nínú turret mẹ́rin, ìyẹn ilé irin tó ń yí pẹ̀lú àgbá inú ẹ̀, irin 100 mm, eré 21 àti ààbọ̀. Iwọ̀n kan ṣoṣo ni àgbá ńlá ẹ̀, ọta kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ. Wọ́n mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe fáwọn ọkọ̀ yòókù tó ń ṣọ́ etíkun, wọn ò kàn án láti bá ọkọ̀ ogun ńlá ja ìjà ojúkojú. Wọ́n fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ òkun, wọ́n tún un kàn nígbà tó yá, 1953 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àgbà sọ pé bí ọwọ́ ẹni ò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni, Swídìn mọ èyí, wọ́n kan èyí tí agbára wọn ká.

Bí tọ́ọ̀nù 6,500 bá ṣì wà lọ́kàn ẹ, gbìyànjú èyí: ínṣì 8 kan níwájú, kan lẹ́yìn, ínṣì 6 mẹ́jọ sórí dẹ́ẹ̀kì òkè, irin Krupp, irú irin líle kan tí wọ́n fi ń gba ọta, ínṣì 5 láàárín tí á máa fúyẹ́ lọ síwájú àti sẹ́yìn, eré 21, kó o sì fi tọ́ọ̀nù díẹ̀ sílẹ̀ láìfi ṣe nǹkan kan, torí kò sí ọkọ̀ tí wọn kì í gbé nǹkan tuntun lé lórí lẹ́yìn tó bá délé. Tún un kó sínú Springsharp, bó ò bá tíì dé 1.00, yọ ínṣì 6 méjì kó o tó fọwọ́ kan irin.

Fi gígùn dọ́ọ̀kì, jíjìn èbúté àti ọkọ̀ tó yára jù lọ́wọ́ aládùúgbò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Bí mo bá ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jọ máa mú gígùn ọkọ̀ náà.