Ewéko tó bo adágún wa: ṣé ká fín in?

Ìbéèrè: Okun o, ẹ̀gbọ́n. Àwa márùn-ún la jọ ń sin ẹja nínú adágún kan lẹ́bàá Ìsánlú. Omi ibẹ̀ náà la fi ń rin tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì lẹ́ẹ̀rùn. Ewéko kan ti bo ìdajì rẹ̀ báyìí. Ìdí ewé rẹ̀ wú bọ̀kẹ̀tẹ̀, òdòdó rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò. Àwọn àgbà ní ojú oró lásán ni. Ẹnì kan ní ká fi oògùn apakoríko fín gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Okun, ẹ̀yin àbúrò. Àwọn àgbà ò ṣìwí púpọ̀, torí ojú oró náà ń léfòó, ó sì ń bo omi. Àmọ́ òdòdó ojú oró kéré débi pé ẹ lè má rí i. Water hyacinth lèyí tí ẹ ṣàpèjúwe. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Nǹkan bí 1984 ló gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa. Ọmọ ń so mọ́ ìyá lójú omi. Bí ọmọ bá já, òun náà di ìyá. Níbi tó bá ti rí oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ méjì péré lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹ má wo ìdajì yẹn bí ìdajì.

Ẹ má fín in. Yóò kú lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo rẹ̀ á jẹrà pọ̀, ìjẹrà yẹn á gba afẹ́fẹ́ inú omi tán, ilẹ̀ á sì mọ́ bá ẹja yín tó ti dojú ikùn sókè. Ẹ tún rántí pé omi yìí kan náà lẹ fi ń rin tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ń tà fún aráàlú.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi kó o. Ẹ so ọparun mọ́ okùn, ẹ fi wọ́ ọ wá sí apá ibi tí atẹ́gùn ń gbá a jọ sí. Ẹ wọ bàtà òjò o, torí ìgbín omi tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó so: èso rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ fún bí ọdún 20. Ẹ má sì kó o jọ sétí omi, òjò àkọ́kọ́ á gbá a padà. Omi ló ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ, nítorí náà òkìtì ńlá á gbẹ di kékeré. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ó di ajílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ọ? Ajílẹ̀ oníyọ̀ láti oko òkè, ìgbẹ́ màlúù, omi ọṣẹ àwọn tó ń fọ aṣọ. Bí ìwọ̀nyí bá ń ṣàn wọlé, ẹ óò máa kó o títí ni. Ẹ fi koríko sílẹ̀ láìro yí etí adágún ká, kó máa sẹ́ omi òjò. Ẹ gbẹ́ ibi tí màlúù á ti máa mu omi sísàlẹ̀. Ti oko òkè le díẹ̀, torí kì í ṣe tiyín. Ẹ gba ọ̀dọ̀ baálẹ̀ lọ, ẹ má bá olóko jà.

Bí ẹ bá sì yá àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja etí Ọya ní Lọ́kọ́jà, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ sá a gbẹ dáadáa kó tó kan omi yín, kó má baà gbé ewéko yìí wọlé padà.