Èsì: Ọrùn àti èjìká tó ń dun màmá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ bèèrè bóyá ìtọ́jú Bowen lè ran màmá lọ́wọ́, torí ọrùn àti èjìká tó ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìtọ́jú yẹn kì í le. Tom Bowen, ará Geelong ní Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní 1982. Àtàǹpàkò àti ìka ni wọ́n fi ń yí orí iṣan jẹ́jẹ́, wọ́n á wá fi èèyàn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ara rọ̀. Ẹ̀rí ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ kò pọ̀, torí náà ẹni tó bá ní ó ń wo gbogbo àìsàn, ẹ má gbà á gbọ́.

Fífi òrí pa ara lásán, kì í ṣe ti Bowen, ni mo ṣe fún ìyá tèmi ní Ọ̀fà. Èjìká ọ̀tún wọn le bí igi, wọn ò lè wé gèlè. Alaalẹ́ ni mò ń yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, màá fi pa wọ́n láti ẹ̀yìn etí dé èjìká, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá ti mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé iṣan náà ti ń dẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wé gèlè fúnra wọn lọ sí ìsìn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ tí ọwọ́ màmá yín bá ń kú tipiri, tàbí wọ́n ṣubú láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn yẹn. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin.