Ṣé kí a ta ilẹ̀ torí lẹ́sìn họlidé ní Amẹ́ríkà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Aṣọ ni mò ń tà ní Lágéré. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, ó mọ ìṣirò àti físíìsì dáadáa. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i lórí ímeèlì pé yunifásítì ńlá kan ní Amẹ́ríkà ti mú un fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì nígbà họlidé. Owó rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là, owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí nínú rẹ̀. Ejẹ́ńtì tó bá wa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ọmọ tó bá ti lọ síbẹ̀, ọ̀nà ti là fún un láti wọ yunifásítì náà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti ń bá àwọn kan dúnàádúrà lórí pulọ́ọ̀tì wa ní Parakin. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé irú ẹ̀kọ́ yìí ń jẹ́ kí ọmọ rí àyè wọ yunifásítì lọ́hùn-ún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ìyá Aláṣọ, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Kí bàbá rẹ̀ sọ fún àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà pé kò tà mọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn lálẹ́ òní, kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi.

Ohun tí ejẹ́ńtì yẹn sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àwọn yunifásítì ńláńlá lọ́hùn-ún, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ họlidé olówó, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò wọlé. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé, yàrá á ṣófo, kíláàsì á ṣófo, yunifásítì á sì máa fi wọ́n pawó. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ dáa, ọmọ a sì máa gbádùn ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún lẹ́tà yẹn kà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ náà, àwọn á gbà á sí yunifásítì. Ẹ ò ní rí i.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ họlidé ló rí báyìí o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù á jókòó dáadáa tó bá rí orúkọ wọn. Ọ̀kan ni Research Science Institute, RSI, tí wọ́n ń ṣe ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá kan lọ́hùn-ún, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ péré ni wọ́n ń mú lọ́dún, ọmọ kì í sì í san owó ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ tàbí ti ibùsùn. Ti ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ross, láti 1957 ló ti wà. PROMYS náà wà ní Boston University láti 1989. Àwọn méjì yìí ń gbowó, àmọ́ wọ́n máa ń ran ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ ló mú wọn yàtọ̀. Ìbéèrè ìṣirò ni wọ́n á gbé fún un, tí yóò máa bá a wọ̀jà nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sí pé kí ó mú A, B, C tàbí D bíi ti JAMB. Ó di dandan kí ó kọ àlàyé bí nǹkan náà ṣe jẹ́ òótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èmi a máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi dánra wò, kódà bí wọn ò bá ní fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lórí rírorí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká rọra. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ RSI ló ń wọ MIT, Harvard àti irú wọn. Ṣé RSI ló gbé wọn wọlé ni, àbí irú ọmọ tí RSI ń mú ni MIT náà ti ń wá tẹ́lẹ̀? Ìyá Aláṣọ, àwọn olówó ń ra léèsì lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ ó wá ní léèsì ló sọ wọ́n di olówó?

Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀. Common App ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ń lò. Àyè mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ fún ohun tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì, àlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 150 lọ, títí kan àlàfo àárín ọ̀rọ̀. Odindi pulọ́ọ̀tì Parakin, lẹ́tà 150! Ẹni tó ń kà á sì mọ̀ pé owó ni wọ́n fi ń lọ síbẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo fi jẹ́ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama nínú ìlú yìí. Ọmọbìnrin kan wà tí ilé wọn wà ní ìhà Mọ̀rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, á so òkúta mọ́ okùn, á fi wọn bí omi kànga ilé wọn àti ti àwọn aládùúgbò ṣe jìn tó, á kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ìgbà òjò wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀ ló fi ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn fẹ́ mọ ìdí tí kànga kan fi ń gbẹ tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì lómi. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun bi í bóyá nǹkan ń ṣe é. Nígbà tó di pé kí ó kọ àròkọ sí yunifásítì lọ́hùn-ún, kànga ló kọ nípa rẹ̀. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fún un lówó ìrànwọ́. Máàkì rẹ̀ ga, mi ò ní sọ pé kànga nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà rẹ̀ fi bírò kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀, ti kànga ni.

Ọmọ tiyín fẹ́ràn físíìsì, Ifẹ̀ ló sì ń gbé. Nínú ọgbà OAU ni iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń pè ní ARCSSTE-E wà láti 1998. Igbó Olókun náà wà nínú ìlú níbí, níbi tí onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, Abídèmí Babalọlá, ti wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ gíláàsì. Báwo ni wọ́n ṣe mú iná gbóná tó bẹ́ẹ̀? Kí ni wọ́n pò mọ́ iyanrìn? Ọmọ tó bá lo họlidé kan lórí irú ìbéèrè yìí, tó lọ bá àwọn olùkọ́ OAU, tó kọ ohun tó rí àti ohun tí kò yé e, á ní ọ̀rọ̀ sọ ju ẹni tó lọ ya fọ́tò níwájú ilé aláràbarà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ti ọ̀fẹ́ tó jẹ́ fún àwọn ọmọ wa gan-an, ẹ wo Yale Young African Scholars. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn kì í gbowó ẹ̀kọ́, oúnjẹ tàbí ibùsùn, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọ yunifásítì àti bí wọ́n ṣe ń wá owó ìrànwọ́. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti wọ Yale o. Bí ejẹ́ńtì bá wá dárúkọ MITES, ẹ̀kọ́ họlidé kan ti MIT, ẹ má san kọ́bọ̀: ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀ ni wọ́n ń mú.

Owó gan-an ni òkè tó wà níwájú yín. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ní òun nílò ìrànwọ́ ti sọ ọ̀nà ara rẹ̀ di tóóró. Àwọn tí kì í wo àpò kí wọ́n tó mú ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kò pọ̀: Harvard, Yale, Princeton, MIT, Amherst àti díẹ̀ sí i. EducationUSA, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, tó wà ní Èkó àti Àbújá, ni kí ẹ lọ bá lórí èyí. Ẹ tún bi wọ́n bóyá ètò wọn tó ń bá ọmọ tó mọ̀wé tí kò lówó san owó ìdánwò àti ti fọ́ọ̀mù ṣì wà.

Ní ti ilé níbí, ọ̀rọ̀ kò gùn. OAU kò ní béèrè ibi tó ti lo họlidé. Máàkì JAMB nínú 400, Post-UTME àti WAEC ni wọ́n ń wò. Ẹ má jẹ́ kí ariwo Amẹ́ríkà gba àkókò JAMB mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí ọmọ fúnra rẹ̀ dáhùn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i, kí ejẹ́ńtì má fọwọ́ kàn án. Kí ó dúpẹ́, kí ó sọ pé òbí òun kò lè san án, kí ó sì béèrè bóyá wọ́n lè gbé gbogbo owó náà kúrò. Bí wọ́n bá gbà, tí físà sì ṣeé ṣe, kí ó lọ, kí ó gbádùn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìdajì ni àwọn lè gbé kúrò, kí ó tún dúpẹ́, kí ó jókòó sílé.