Ohun tó yẹ kí akọ̀ròyìn obìnrin bá olóòtú rẹ̀ sọ kó tó lọ síbi rògbòdìyàn

Ìbéèrè: Akọ̀ròyìn obìnrin ni mí. Ilé-iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ rán mi lọ sí orílẹ̀-èdè kan tí ìwọ́de ti ń di ìjà, èmi náà sì fẹ́ lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìbọn àti afẹ́fẹ́ tajútajú lọ ni ìfipábánilòpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ fún olóòtú mi, ó lè fi ọkùnrin rọ́pò mi. Kí ni mo lè ṣe kí n tó lọ, nígbà tí mo bá wà láàrin èrò, àti bí ó bá lọ ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ sọ ọ́ fún olóòtú yín kí ẹ tó gbéra. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn akọ̀ròyìn bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn níbi rògbòdìyàn, mo sì mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ gan-an nìyí. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rọrùn nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé-iṣẹ́ yín tó mọ̀ pé irú ewu bẹ́ẹ̀ wà nínú ìrìnàjò náà.

Ẹ̀rù tó ń bà yín kò ṣàìnídìí. Nínú ìwádìí tí ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn, èyí tí a mọ̀ sí CPJ ní New York, gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, àwọn akọ̀ròyìn sọ pé àwọn dákẹ́ lẹ́yìn ìkọlù nítorí àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn bí ẹni tí kò ṣeé rán níṣẹ́ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nígbà tí wọ́n kọlu Caroline Sinz, akọ̀ròyìn tẹlifíṣàn France 3, ní Káírò, ẹgbẹ́ Reporters Without Borders kọ́kọ́ gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn níyànjú pé kí wọ́n má rán obìnrin lọ sí Íjíbítì mọ́, kí wọ́n tó tètè yí ọ̀rọ̀ náà padà nígbà tí ariwo ta. Èmi ò fara mọ́ irú ìfòfindè bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ẹni tí wọ́n kọlù ni ó ń fi ìyà jẹ, àwọn akọ̀ròyìn obìnrin tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n fẹ́ sá lọ.

Ohun tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ olóòtú yín gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀: pé ẹ lè kúrò níbikíbi nígbàkígbà tí ara yín kò bá gbà á, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi yín léèrè ìdí rẹ̀, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó sì jẹ́ obìnrin bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé adójútòfò tí wọ́n san fún yín kan ìtọ́jú lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀, àti pé wọn kò ní dárúkọ yín fún aráyé láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ń dá ṣiṣẹ́ fún ara yín, ẹ béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ìròyìn yín. Àjọ Rory Peck Trust ní London máa ń ran irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti inú èrò, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lara Logan, akọ̀ròyìn ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ń ṣiṣẹ́ fún CBS ní Amẹ́ríkà, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ púpọ̀. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2011 ni, tí àwọn ará Íjíbítì ń yọ̀ ní gbàgede Tahrir pé Hosni Mubarak ti kúrò lórí àléfà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ lórí tẹlifíṣàn ní oṣù Karùn-ún, ọmọ Íjíbítì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin kan ń sọ ní èdè Lárúbáwá, ó sì ní kí wọ́n tètè kúrò níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n já a gbà mọ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ìkọlù náà sì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 kí àwọn obìnrin kan tó yí i ká, tí àwọn ọmọ ogun sì gbà á sílẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa: èrò tó ń yọ̀ ni, kì í ṣe èrò tó ń bínú, ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, kò sì tó, ẹni tó gbọ́ èdè ìlú ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ewu dé. Nítorí náà, ẹ máa dúró ní etí èrò, kí ògiri wà lẹ́yìn yín, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà jáde. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé kan bá wà tí ẹ ti lè ya àwòrán, ó sàn ju àárín gbàgede lọ. Kí ẹ̀yin àti ẹlẹgbẹ́ yín fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé kí a máa lọ, kí ẹni tó bá sọ ọ́ má ṣe ní àlàyé kankan láti ṣe. Bí àwọn ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì yín, tí wọ́n ń pààlà sáàrin yín, ẹ gbàgbé àwòrán ìkẹyìn. Ibi tí àwọn obìnrin tàbí ìdílé kó ara jọ sí ni kí ẹ sá lọ. Ẹ má sì gbára lé fóònù nìkan, nítorí ìjọba Íjíbítì gé íntánẹ́ẹ̀tì àti ìpè fóònù ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ẹ yan ibi tí ẹ ó ti pàdé àti wákàtí tí ẹ ó pàdé.

Aṣọ kò lè dá ìkọlù dúró, ṣùgbọ́n ṣòkòtò líle, bẹ́líìtì tó nípọn àti bàtà tó ṣeé fi sáré lè fún yín ní àǹfààní díẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn sílé.

Ewu kì í wá láti inú èrò nìkan. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Líbíyà ni Lynsey Addario, ayàwòrán New York Times, wà ní oṣù Kẹta ọdún 2011 nígbà tí wọ́n fọwọ́ pa á lára léraléra. Ọwọ́ agbófinró Íjíbítì ni akọ̀ròyìn Mona Eltahawy bọ́ sí ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n bà á lára jẹ́, wọ́n sì dá a lápá. Nítorí náà, ẹ má ṣe kàn sáré tọ ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ ìjọba lọ. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ gbìyànjú kí wọ́n má yà yín sọ́tọ̀, kí ọ́fíìsì yín sì ti mọ̀ kí wákàtí kan tó kọjá pé ẹ kò pè.

Bí ó bá lọ ṣẹlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ jà, ẹ kígbe, tàbí ara yín kàn kú tipiri, kò sí èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ gbà. Ilé ìwòsàn ló kàn. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 72, bó bá sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára jù. Ọjọ́ 28 ni a fi ń lò ó. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n kíákíá ni kí ẹ lò ó. Dókítà yóò tún sọ̀rọ̀ lórí àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn olóòtú pé kí wọ́n wá ilé ìwòsàn tó ní àwọn oògùn wọ̀nyí kí akọ̀ròyìn tó gbéra, kì í ṣe lẹ́yìn ìkọlù. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má tíì wẹ̀, kí ẹ sì kó aṣọ tí ẹ wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, torí omi tó bá sé mọ́ inú ọ̀rá lè ba ẹ̀rí jẹ́. Ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ dúró de ọlọ́pàá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, obìnrin tó bá fẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ sùn lè di ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn, nítorí náà ẹ bá agbẹjọ́rò tàbí ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdájọ́ lè pẹ́ gan-an. Àwọn ọkùnrin tó dìhámọ́ra jí akọ̀ròyìn Jineth Bedoya Lima gbé ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Bogotá, orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, wọ́n sì fipá bá a lò pọ̀. Ọdún 2021 ni Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà (Inter-American Court of Human Rights) tó dá Kòlóḿbíà lẹ́bi. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara yín, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i, kódà bí ẹ kò bá tíì mọ̀ bóyá ẹ ó lò ó. Bí oorun kò bá wá, tàbí tí ìkọlù náà ṣì ń padà bọ̀ sí yín lójú lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lọ rí onímọ̀ nípa ọpọlọ tó mọ̀ nípa irú ìpayà bẹ́ẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ tó rán yín níṣẹ́ sì san owó rẹ̀.