Ọkàn ọmọ tó wà lápá ọ̀tún

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ní ọ̀tún ni wọ́n bá ọkàn ọmọ yín, ìyá ọkọ yín sì ń sọ pé bí ẹ ṣe ń sùn nígbà oyún ló fà á. Irọ́ ni. Ọ̀tún ni ọkàn tèmi náà wà, ẹ̀dọ̀ mi wà lósì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì mọ̀ pé ẹ lóyún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti parí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí oyún dúró, ọlẹ̀ ṣì rí pẹlẹbẹ, ọ̀tún òun òsì rẹ̀ kò yàtọ̀. Kòtò kékeré kan wà lára rẹ̀ tó lómi nínú. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ kòtò náà ní irun ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ojú lásán kò lè rí. Gbogbo irun yìí ń yí bìrìbìrì sí ọ̀nà kan náà, àmọ́ wọ́n dà díẹ̀ síhà ìdí ọlẹ̀, ìyẹn ni omi náà kò fi kàn ń pòyì lójú kan: òsì ló ń ṣàn lọ. Sẹ́ẹ̀lì etí kòtò lápá òsì á mọ̀ ọ́n lára, jíìnì Nodal, ọ̀kan lára àwọn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ bí ara yóò ṣe rí, á jí níbẹ̀, jíìnì Pitx2 á tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni ọkàn ti ń mọ ibi tí yóò yà sí.

Bí irun náà kò bá yí, omi ò ní ṣàn. Nǹkan bí ìdajì irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ṣì bọ́ síbi tó yẹ, ìdajì á yí sódì. Lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi ẹ̀rọ darí omi sí ọ̀tún lára ọlẹ̀ eku, ni ọkàn bá yí sódì. Omi lásán o!

Irú irun yẹn ló tún ń gbá kẹ́lẹ́bẹ̀ jáde nínú imú àti ẹ̀dọ̀fóró. Tèmi kì í ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn kan fún mi lóògùn ikọ́ ife títí ó fi pé, ikọ́ ò lọ. Ẹni tó ya X-ray àyà mi tún un yà, ó rò pé òun gbé fíìmù sódì ni. Dókítà àgbà kan ló wá so ọkàn pọ̀ mọ́ ikọ́, ohun tí dókítà kan tó ń jẹ́ Kartagener ti kọ sílẹ̀ ní Switzerland láti 1933. Àràárọ̀ ni mo ń dojú bolẹ̀ kí wọ́n máa gbá mi lẹ́yìn, kí kẹ́lẹ́bẹ̀ lè jáde.

Ẹ má fòyà, ọ̀pọ̀ tí inú wọn yí kò ní àìsàn irun yìí. Àmọ́ bí mímí bá nira fún ọmọ náà nígbà tẹ́ ẹ bí i, tàbí imú rẹ̀ kì í gbẹ láti ọjọ́ náà, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ̀dọ̀ náà ti sọdá. Bó bá jẹ́ ọkàn nìkan ló ṣí, kí wọ́n yẹ inú ọkàn wò dáadáa, torí àbùkù pọ̀ níbẹ̀ ju tẹni tí gbogbo inú rẹ̀ yí lọ. Bó bá sì jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú káàdì rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí appendix, ìfun kékeré tó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún ikùn, bá yọ ọ́ lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apá òsì ni yóò ti máa ké.