Ṣé àrùn awọ ẹ̀gbọ́n mi ló para dà sára ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń bá àrùn awọ tí wọ́n ń pè ní psoriasis yí. Ní báyìí, wọ́n ní eczema ló ń yún ọmọ mi ọlọ́dún méjì ní kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún. Bàbá wa náà ní àrùn ìfun tí wọ́n ń pè ní Crohn. Ọkùnrin kan tó ń ta oògùn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ló dọ̀tí. Ó ní àrùn kan náà ló ń para dà lára wa, pé àwọn onímọ̀ jíìnì pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀, pé kí gbogbo wa mu oògùn afọ̀jẹ̀ òun fún oṣù mẹ́ta. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí á lọ ṣe àyẹ̀wò jíìnì? Ṣé mo sì lè fi kíríìmù ẹ̀gbọ́n mi pa ọmọ náà lára?

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí ó lè jẹ́ alẹ́ òní gan-an lẹ fẹ́ ṣe é. Ẹ má fi kíríìmù ẹ̀gbọ́n yín kan ọmọ yẹn. Awọ àgbàlagbà tí psoriasis ti mú nípọn ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára, yóò mú awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì lè fà á mu wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ni ín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkùnrin olóògùn yẹn. Ó bí mi nínú, mi ò ní fi pamọ́, torí kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé ló pa fún yín. Ó he òótọ́ kékeré kan lẹ́nu àwọn onímọ̀, ó sì fi polówó ọjà. Irú lẹ́tà yín ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Jíìnì ni ìlànà tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tí ara fi ń mọ bí yóò ṣe ṣe purotéènì tó nílò. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ara ènìyàn tó nǹkan bí 20,000. Yàtọ̀ sí ìdílé tó ṣọ̀wọ́n gan-an, kò sí ẹyọ kan tí a lè nàka sí pé jíìnì psoriasis nìyí, jíìnì eczema nìyẹn. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń dá tiwọn díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe rí lára mi lè yàtọ̀ díẹ̀ sí bó ṣe rí lára yín, bíi kí a kọ "ọkọ", kí a tún kọ "ọkọ̀", kí a tún kọ "ọkọ́". Lẹ́tà kan náà ni, àmì ló yàtọ̀, ìtumọ̀ sì ti jìnnà síra. Ẹ di àpẹẹrẹ yìí mú, ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yẹn ti ṣì yín lọ́nà.

Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ IL23R. Òun ló ń ṣe etí tí àwọn ọmọ ogun ara wa fi ń gbọ́ iṣẹ́ kan tí sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn, tí wọ́n ń pè ní IL-23. Bí iṣẹ́ náà bá ń dún ṣáá tí kò dákẹ́, ogun á dé ibi tí kò sí ọ̀tá: sí awọ nínú psoriasis, sí ìfun nínú Crohn. Irú etí kan wà tí kò gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa, ewu àrùn méjèèjì sì dín kù fún àwọn tó jogún rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oògùn kan náà, ustekinumab, tó ń dí ọ̀nà IL-23 àti IL-12, fi ń ṣiṣẹ́ fún psoriasis àti fún Crohn. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ohun tí bàbá yín àti ẹ̀gbọ́n yín jogún bára tan. Títí dé ibí yìí, mo gbà.

Eczema ọmọ yín ni kò bá a lọ. Lóòótọ́, àwọn ojú ibi kan wà nínú jíìnì tí orúkọ psoriasis àti eczema ti jọ ń jáde: agbègbè kan lórí kúrómósómù (okùn tí jíìnì tò sí) kìíní, níbi tí àwọn jíìnì tó ń mọ odi ìta awọ pọ̀ sí, àti òmíràn lórí ìkarùn-ún, nítòsí jíìnì IL13. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn olùwádìí kan gbé jíìnì ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn àrùn méjèèjì kalẹ̀, wọ́n fi wọ́n wéra, wọ́n sì rí i pé ní àwọn ibi kan tí méjèèjì ti jọ pàdé, òdìkejì ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Àmì tó ń fi kún ewu ọ̀kan ló ń bu ewu èkejì kù. Ọ̀nà kan náà ni, ọ̀kan ń lọ, èkejì ń bọ̀. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní àrùn kan náà, ọkọ ló ń kà sí ọkọ́.

A ń rí i nínú ìtọ́jú náà. Oògùn kan tó ń jẹ́ dupilumab ń dí IL-4 àti IL-13, tí àwọn náà jẹ́ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń rán bíi IL-23, eczema ni a sì ń fi í tọ́jú. Lára àwọn díẹ̀ tó ń gbà á, a ti rí ààmì tó jọ psoriasis tó yọ. Àwọn oògùn psoriasis tó ń dí IL-17, iṣẹ́ mìíràn bẹ́ẹ̀, náà ti mú kí ohun tó jọ eczema yọ lára àwọn mìíràn. Bí a bá tẹ apá kan mọ́lẹ̀, apá kejì lè gbéra. Ẹ wá bi ara yín léèrè: ìgò kan ṣoṣo wo ni yóò tẹ apá méjèèjì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò tún wo ìfun bàbá yín sàn?

Ní ti ẹ̀jẹ̀ dídọ̀tí, inú kóró tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ni jíìnì wọ̀nyí ń gbé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n kò tilẹ̀ ní kóró yìí mọ́ nígbà tí wọ́n bá gbó tán. Ohun tí ọkùnrin yẹn ní òun fẹ́ fọ̀, kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ní i, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì awọ ní i, ti egungun ní i, kò sì sí oògùn mímu tó ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀rù tó ń bà mí gan-an ni ohun tó lè wà nínú ìgò náà. A ti bá sítẹ́rọ́ìdì nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí kò kọ ọ́ sára páálí. Ara á kọ́kọ́ dán, ẹ ó máa yìn ín. Bí ẹni tó ní psoriasis bá wá dá a dúró, àrùn náà lè ru padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tilẹ̀ lè so ìléròrò olómi ọyún káàkiri ara, èyí tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ń mu ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má ṣe jáwọ́ lójijì. Kó gbé ìgò náà lọ bá dókítà.

Àyẹ̀wò jíìnì ńkọ́? Ẹ má náwó lé e lórí fún èyí. Ní 2006 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé àbùkù nínú jíìnì filaggrin, tó ń ṣe purotéènì tó ń mú odi awọ le tó sì ń jẹ́ kó lè mú omi dúró, wà lára ohun tó ń fa eczema jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àbùkù náà kò ní eczema, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní eczema kò ní in, àwọn àbùkù tí wọ́n kọ́kọ́ rí yẹn sì ṣọ̀wọ́n lára ọmọ Áfíríkà. Bákan náà ni HLA-C*06:02, èyí tó lágbára jù nínú ohun àjogúnbá tí a mọ̀ mọ́ psoriasis: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in ni kò ní rí psoriasis títí ayé. Kódà nínú àwọn ìbejì tí jíìnì wọn kò yàtọ̀, ọ̀kan lè ní psoriasis kí èkejì má ní. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀yin lẹ kó àrùn ran ọmọ yín. A kì í yan ohun tí a fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Mi ò tíì rí ọmọ náà, nítorí náà ohun tí mo lè sọ kò ju èyí lọ. Kí dókítà fojú rí i kó lè dájú pé kì í ṣe làpálàpá tàbí èkúrú, torí lára awọ dúdú, eczema kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ó lè rí bí eérú tàbí kó ṣú. Bó bá jẹ́ eczema lóòótọ́, ìpara tó nípọn tí kò ní òórùn dídùn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán àti kété lẹ́yìn ìwẹ̀, ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́, kí ìwẹ̀ má pẹ́. Bí dókítà bá kọ sítẹ́rọ́ìdì tí kò lágbára púpọ̀ fún un, ẹ lò ó bó ṣe ní kí ẹ lò ó, ẹ má sá fún un. Bí ara rẹ̀ bá ń sun omi, tó ń so èépá aláwọ̀ òféèfèé, tàbí tí ìléròrò wẹ́wẹ́ tó ń dùn ún bá yọ pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni ìtàn ìdílé yín ti wúlò jù lọ, ọkùnrin yẹn kò sì mẹ́nu bà á. Kí ẹ̀gbọ́n yín sọ fún dókítà rẹ̀ pé bàbá yín ní Crohn. Àwọn oògùn psoriasis tó ń dí IL-17 tí mo mẹ́nu bà lókè lè mú àrùn ìfun burú sí i, tàbí kí wọ́n jí i dìde lára ẹni tó ti ń gbé e kiri láìmọ̀. Kò pọn dandan kí ó kan ẹ̀gbọ́n yín, àmọ́ dókítà tó bá mọ̀ lè yan ọ̀nà mìíràn. Kó tún sọ bí oríkèé ara bá ń dùn ún tàbí bí ìka ọwọ́ rẹ̀ bá ń le láràárọ̀, nítorí psoriasis lè wọ oríkèé, ìbàjẹ́ tó bá sì ti ṣe níbẹ̀ kì í ṣeé tún ṣe.